Èmi Ni Mo Sọ Ehoro Di Adití

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ẹ̀rọ yẹn ná. Mo mọ̀ pé orin ló kó gbogbo wa jọ sí gbọ̀ngán yìí, mo sì mọ ohun tí ẹ ń retí lẹ́nu mi: èwo ló dára jù nínú àwo orin ẹgbẹ́ Dógùn-ún, ṣé “Èéfín” ni àbí “Òkú Ẹ̀rọ”? Ẹ ti ń jiyàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohùn àwọn mìíràn nínú yín ti ha, ẹ wá ní kí wọ́n lọ pe Alága àgbà wá, ẹni tó dá ẹgbẹ́ olólùfẹ́ yìí sílẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì dáyé. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ pè wá dájọ́ yìí, òun gan-an ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti lọ tán, kí n máa palẹ̀ mọ́. Nǹkan kan sì wà nínú mi tó ti ń jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mi ò bá pọ̀ ọ́ jáde lónìí, èmi àti òun la ó jọ wọ ilẹ̀. Ẹ má gbé àga fún mi. Ìdúró ni wọ́n ń ro irú ẹjọ́ yìí.

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ìtàn Ehoro. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa, àwàdà ni wọ́n fi sọ ọ́ fún yín: ọkùnrin kan wà tó gbọ́ orin Dógùn-ún títí etí ẹ̀ fi di. Ẹ tún fi ń ṣe fáàrí pé orin wa le débi pé ó sọ èèyàn di adití. Mo rí ẹnìkan níbí tó kọ ọ́ sára ẹ̀wù: “Gbọ́ ọ títí etí á fi di.” Ọmọ mi, mi ò bá ọ wí. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ lo gbà gbọ́. Irọ́ ni. Orin kọ́ ló di Ehoro létí. Èmi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é, ẹnu mi yìí ni mo sì fi di ẹ̀bi rẹ̀ ru orin.

Ehoro kọ́ ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí etí. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe agolo la jọ wà. Òun wà nídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ páánù, èmi wà ní sítọ́ọ̀, níbi tí mo ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbọ̀wọ́, bàtà, àti ìbotí, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń bo etí méjèèjì kí ariwo ẹ̀rọ má baà bà á jẹ́. Tí ẹ̀rọ bá fẹ́ dákẹ́ iṣẹ́, kí àwọn tó ń tún un ṣe tó mọ̀ rárá, Ehoro á ti dúró, á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, “Nǹkan kan ń sunkún nínú ẹ̀rọ yìí o.” Wọ́n á tú u, wọ́n á sì bá a bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi ni mo dúró tì í lọ́jọ́ tó ń gbéyàwó. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ni kòkòrò náà, ìdí rẹ̀ gan-an ni mo sì wà.

Orin ló kọ́kọ́ pa wá pọ̀. Ẹ̀yin náà mọ Dógùn-ún: wọ́n á máa lu páìpù, wọ́n á máa wọ́ ṣéènì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ lu irin, gìtá á wá máa han lé e lórí, ohùn olórin á sì máa jáde bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú ọkọ̀ epo. Ìyàwó mi máa ń sọ pé, “Ṣé ariwo ibi iṣẹ́ ò tó yín ni, tí ẹ tún ń lọ ra òmíràn wálé?” Kò yé e. Bí a bá ti ń gbọ́ orin yẹn, ó ń ṣe wá bíi pé ẹnìkan mọ ohun tí ojú wa ń rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi la máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, obìnrin tó fẹ́ràn Dógùn-ún ju gbogbo wa lọ. Á kó aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ti ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ ògiri, á wá fa àwọn sípíkà ńlá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde. Iyàn wá bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yìn “Òkú Ẹ̀rọ” ni mo wà. Àwo ńlá ni, wọ́n náwó sí i, tí wọ́n bá lu irin inú rẹ̀, gíláàsì ojú fèrèsé á máa gbọ̀n. Ehoro ní “Èéfín” ni tòun, àwo àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú gáréèjì kan, tó ń dún bí ẹni pé òjò ń rọ̀ sórí rẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Alága, ẹ jẹ́ ká dín ohùn ẹ̀ kù.” Ó dín in kù títí ó fi kù díẹ̀ kó máà dún mọ́. Ó ní ká dákẹ́. “Ẹ máa tẹ́tí sí ẹ̀yìn irin yẹn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ẹnìkan ń mí níbẹ̀. Olórin yẹn ń sunkún, kò fẹ́ ká mọ̀.” A tẹ́tí. Aránṣọ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ehoro rẹ́rìn-ín, ó wá gbé “Òkú Ẹ̀rọ” sí i. Ó ní, “Irin tí ẹ ń pariwo lé lórí yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lù ú. Wọ́n kàn ń dà á kọ ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n níparí, bákan náà ló rí nígbàkigbà.” Òótọ́ ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, “Alága, ẹ̀dà ni wọ́n tà fún yín o!” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Eyín funfun, inú dúdú.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló mọ ni, bóyá ìbá tán. Ilé-iṣẹ́ rédíò wá ní ká wá jiyàn náà lórí afẹ́fẹ́. Èmi ni alága, èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́. Mo ti rán ẹ̀wù tuntun. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó, wọ́n ní kí Ehoro lọ, kí n kàn sìn ín lọ. Ehoro fúnra rẹ̀ ní, “Rárá o, Alága ni kó lọ.” Wọ́n ní òun làwọn fẹ́. Mo jókòó síta yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ náà, mò ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì bó ṣe ń ṣàlàyé ìmí àti ẹkún, tí olóòtú ń mi orí bí alángbá. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ní, “Mo gbọ́ ọ̀rẹ́ yín o! Òun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó sọ̀rọ̀ orin yẹn tó yé mi.” Kò mọ̀ pé ọ̀bẹ lòun fi gún mi yẹn. Gbogbo ohun tí mò ń rò ni pé etí méjì péré ló fi jù mí lọ. Etí méjì yẹn náà ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ó wá sí sítọ́ọ̀. Ó ní, “Alága mi, ìbotí mi ti ya, ẹ bá mi wá òmíràn.” Mo ní kó lọ, màá gbé e wá bá a. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá àwáwí. Èṣù ò tì mí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, ara mi balẹ̀. Mo mú ìbotí tuntun kan lórí pẹpẹ, mo ṣí i, mo yọ fóòmù inú rẹ̀ lápá méjèèjì, mo fi àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dípò, mo sì dá ojú rẹ̀ padà bó ṣe wà. Mo fi abẹ́ la rọ́bà etí rẹ̀ níbi tí ojú ò lè tètè dé. Tẹ́ ẹ bá wò ó, tuntun ni. Mo gbé e fún un. Ó gbé e sórí, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì ilẹ̀kùn, ó ní, “Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú wa níbí.”

Lọ́jọ́ kejì ó ní òun rí i pé ariwo ẹ̀rọ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní, “Ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tuntun ti tìrẹ ni?” Òótọ́ sì ni, wọ́n ti gbé e wá. Irọ́ tó bá rí òótọ́ fẹ̀yìn tì kì í tètè ṣubú. Ó gbà mí gbọ́. Oṣù ń gorí oṣù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní, “Ẹ̀n? Kí lẹ wí?” Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó ń jókòó sún mọ́ sípíkà. Nígbà tó yá, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kan wá, a ní kí Ehoro fi ìmí inú “Èéfín” hàn án. Ó dín ohùn orin kù, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi tàtijọ́. Ó dúró títí. Ó gbé etí lé ara sípíkà gan-an. Ó wá gbójú sókè, ó ní, “Bóyá àwo yìí ti jẹ.” Àwo ò jẹ. Gbogbo wa ń gbọ́ ìmí yẹn ketekete. Aránṣọ wo mí, mo wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni mo jiyàn tí mo borí. Wọ́n ní “Òkú Ẹ̀rọ” ló dára jù, torí ẹni tó ń gbè “Èéfín” lẹ́yìn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ wò ó, inú mi dùn. Mo ń súfèé lọ sílé. Mo lè dá a dúró lọ́jọ́ yẹn. Ìbotí tó dáa kún sítọ́ọ̀ mi dẹ́nu. Nígbà tí tọwọ́ rẹ̀ tún gbó, èyí tí mo tún fún un, mo ti yọ inú tòun náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìyàwó rẹ̀ bímọ, obìnrin. Mo lọ kí wọn. Ọmọ wà lórí ibùsùn nínú yàrá, ó ń ké tẹnutẹnu, Ehoro jókòó síwájú ilẹ̀kùn yàrá náà, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ìyàwó rẹ̀ sáré láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. “Ọmọ ń ké nítòsí yín, ẹ ò gbọ́?” Ó ní, “Ó ń ké ni?” Ìyàwó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Orin yẹn ló ń ba etí ẹ̀ jẹ́. Ó ń gbọ́ ọ lóhùn òkè jù.” Mo mi orí. Mo ní, “Màá bá a sọ̀rọ̀, ìyàwó wa.” Obìnrin yẹn kò mọ̀ pé òun ló fi irọ́ tí màá pa lọ́la sí mi lẹ́nu.

Ọjọ́ burúkú náà dé, ọjọ́ iṣẹ́ bí ọjọ́ iṣẹ́ yòókù ni. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù nínú ilé-iṣẹ́ ń fẹ̀yìn rìn, páánù pọ̀ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ ò rí ẹ̀yìn. Ó ń fun fèrè. Gbogbo ènìyàn yà. Mo wà lójú fèrèsé sítọ́ọ̀, mo rí Ehoro tó bẹ̀rẹ̀, tó ń ṣa irin tó já sílẹ̀. Fèrè ń dún lẹ́yìn rẹ̀, kò tilẹ̀ yí ọrùn. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ òmùgọ̀: ẹni tí mo ti di létí ni mò ń pè! Ọkọ̀ náà gun ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn èèyàn ti yí i ká, ìbotí rẹ̀ ti fò lọ sábẹ́ tábìlì kan. Gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀. Èmi ń wo ìbotí. Kí wọ́n tó gbé e kúrò nílẹ̀, mo ti mú un, mo ti fi sábẹ́ ẹ̀wù, mo ti gbé èyí tó dáa síbẹ̀ dípò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń kérora, èmi ń ṣe pàṣípààrọ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni dókítà ti rí i pé etí rẹ̀ ti lọ, pé ìwọ̀nba tó kù ò tó nǹkan. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pe ìjókòó, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n gbé Ehoro wá lórí kẹ̀kẹ́ aláàárẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n dúró sẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ìyàwó àti ọmọ bọ́ síta. Ọ̀gá wá bi mí, “Ìwọ tó o wà ní sítọ́ọ̀, ṣé o fún un ní ìbotí?” Mo gbé èyí tó dáa lé tábìlì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí àléébù. Ọ̀gá ní, “Kí ló wá di í létí?” Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ohun tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ kó o sápá kan. Ibí yìí ni mo ti kú. Mo ní, “Orin ni, ọ̀gá. Orin Dógùn-ún. Ó máa ń gbọ́ ọ lóhùn òkè lójoojúmọ́. Àìmọye ìgbà ni mo kìlọ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ gan-an bẹ̀ mí pé kí n bá a sọ̀rọ̀.” Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo gbójú sókè. Ehoro ń wo ẹnu mi. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn nígbà náà, kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó rò pé mò ń gbèjà òun ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba, ó ń dúpẹ́.

Wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò fún un ní nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo àwo Dógùn-ún jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́, ó ní òun ò lè gbọ́ orin yẹn mọ́. Èmi ni mo tún ẹgbẹ́ kó jọ níbòmíràn. Èmi ni ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún láti ìgbà yẹn. Bí mo bá lọ kí Ehoro, ìyàwó rẹ̀ á gbé omi fún mi, á máa pè mí ní ọ̀rẹ́ tòótọ́. Mo mu omi náà.

Ohun tó ṣí mi lẹ́nu ni pé ọmọ yẹn ti dàgbà. Òun ló jókòó níwájú yìí, tó ń tún iná ilé àwọn èèyàn ṣe, tẹ́ ẹ mọ̀ sí Oníná. Òun náà ló wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n wá dájọ́ lónìí. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi pé mo wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n ní orin yìí ló pa àwọn lára. Tí mo bá ń gbọ́ ọ, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń jẹun pẹ̀lú ẹni tó pa bàbá mi lẹ́kún. Ṣé mò ń ṣe ohun tí kò dáa ni?” Ẹni tó pa bàbá rẹ̀ lẹ́kún ló dúró níwájú rẹ̀ gan-an, kò mọ̀ pé èmi ni.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ilé Ehoro lọ. Mo jókòó níwájú rẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀, kó lè rí ẹnu mi. Mo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, láti orí fóòmù dé orí tábìlì àwọn ọ̀gá. Mo rò pé yóò fi ọ̀pá rẹ̀ lù mí. Kò gbọ́wọ́ sókè. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò mẹ́nu ba ẹsẹ̀, kò mẹ́nu ba etí. Ó ní, “Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra orin. Mo ní òun ló bà mí láyé jẹ́, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi tan án. Mo bú ara mi lójoojúmọ́. Mo kìlọ̀ fún ọmọ mi bí ẹni ń kìlọ̀ fún un nípa májèlé. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mọ́ mi nínú ni mo fi ṣe ọ̀tá.” Ó nu ẹnu. “O rí i, ká ní etí nìkan lo gbà ni, ǹ bá sì máa rántí orin náà.” Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ilé ìdáná, kò gbé omi wá lọ́jọ́ yẹn. Ehoro wá ní, “Lọ sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìyẹn kó o padà wá, màá ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.”

Ìdí tí mo fi wá nìyí. Oníná, ọmọ mi, o ò ṣe ohun tí kò dáa. Orin kò fọwọ́ kan bàbá rẹ. Máa gbọ́ ọ, kó o sì sọ fún un pé ò ń gbọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ bú mi, ẹnu rẹ gbà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa jiyàn, iyàn kì í pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnìkejì bá gbọ́ ohun tí ẹ ò gbọ́, tí inú yín sì ru sí i dípò kí ẹ ní kó fi hàn yín, ẹ tètè dìde kúrò níbẹ̀. Ìlara kì í wọlé pẹ̀lú ariwo. Ó lè jókòó nínú yàrá tí oòrùn ń tàn sí, kó fara balẹ̀, kó máa yọ fóòmù. Mo ti bá àwọn tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ náà báyìí sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n gba ẹ̀rí mi kí ohùn mi tó tán, kí wọ́n yọ ẹ̀bi kúrò lórí ẹni tí kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n fi ṣe. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ má purọ́ fún mi pé ẹ ti ṣe é. Láti ibí, ilé Ehoro ni mò ń lọ. Bí ó bá ṣílẹ̀kùn, màá wọlé. Bí kò bá ṣí i, màá jókòó síta níbẹ̀, màá máa retí.